Ṣé ẹ́ḿbásì ló máa gbà wá? Ìdáhùn sí akọ̀wé àdúgbò kan ní Ọ̀yọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa nílùú Ọ̀yọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti gbé pátákó kànga-dẹ̀rọ sí àdúgbò wa. Wọ́n ri òpó irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n lọ, a ò rí táǹkì, a ò rí omi. Kánsù la ti ń bú látìgbà náà. Nígbà tí a ṣèpàdé, Alága wa ní ká kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, torí òyìnbó nìkan ni àwọn olóṣèlú wa ń bẹ̀rù. Ìyálọ́jà ní rárá o, òyìnbó yẹn náà ló ń bá wọn kó owó pamọ́. Ìpàdé fẹ́ẹ̀ di ìjà. Ṣé àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè yìí lágbára kankan lórí ìwà ìbàjẹ́ nílẹ̀ wa lóòótọ́, àbí ẹnu lásán ni?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú ìdúró tì í. Mo rí fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìkejì ló wú mi lórí jù, màá padà sórí rẹ̀, torí ohun kan wà lára pátákó yẹn tó dà bíi pé ẹ̀yin ará àdúgbò ti rí títí tí ojú yín ò fi rí i mọ́.

Ní ti ẹjọ́ tí ẹ gbé wá, Ìyálọ́jà ló jàre jù, ṣùgbọ́n Alága náà kò jẹ̀bi tán. Ohun tó ṣì í lọ́nà ni irú ẹni tó rò pé aṣojú ilẹ̀ òkèèrè jẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín, ẹ̀yin lẹ ni ìtàn yìí ju èmi ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ajẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ìlàrí. Ajẹ́lẹ̀ ni Aláàfin máa ń fi sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́, kó máa ṣọ́ ọba ibẹ̀, kó máa rí sí ìṣákọ́lẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣe é. Ìlàrí ní tirẹ̀, ẹni tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀, ońṣẹ́ Aláàfin ni. Wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un torí ẹni tó rán an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló wá jẹ́. Ojú ajẹ́lẹ̀ ni Alága fi ń wo aṣojú Amẹ́ríkà. Ìlàrí ni.

Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe ní Vienna lọ́dún 1961 ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Abala 41 rẹ̀ ní aṣojú kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ìlú tó gbà á lálejò. Abala 9 ní ìlú náà lè sọ fún un nígbàkígbà pé kó máa lọ sílé, láìṣe àlàyé kankan fún un. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fi máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ: "ọ̀rọ̀ náà ká wa lára", "à ń kíyè sí i". Bí wọ́n bá sì gbìyànjú láti le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2013. Ààrẹ Goodluck Jonathan dárí ji Diepreye Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí ni wọ́n mú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2005, tí ọlọ́pàá bá nǹkan bíi mílíọ̀nù kan pọ́ùn nínú ilé rẹ̀, tó wá sá mọ́ béèlì padà sílé. Ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà kọ ọ́ sórí Twitter pé ìdáríjì náà já ìjọba àwọn kulẹ̀ gidigidi, pé ìfàsẹ́yìn ló jẹ́. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa ránṣẹ́ pe igbákejì aṣojú wọn, wọ́n bá a wí pé kí ló kàn wọ́n níbẹ̀. Ó tán. Ìdáríjì ò yí padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù Kìíní 2019 nígbà tí Ààrẹ Buhari ní kí adájọ́ àgbà, Walter Onnoghen, lọ rọ́kún nílé lórí ẹ̀sùn pé kò kéde gbogbo ohun ìní rẹ̀. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti EU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, ó tún wá jẹ́ pé ìbò ku oṣù kan. Ìjọba ní àwọn kò gba ìdásí ẹnikẹ́ni. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba dá a lẹ́bi ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Ní oṣù Kọkànlá 2024 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e. Mo mú èyí wá kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni aṣojú máa ń dúró sápá kan náà pẹ̀lú ẹni tó bá ń pariwo "ogun ìwà ìbàjẹ́". Nígbà mìíràn, ogun yẹn gan-an ni wọ́n ń fura sí.

Nítorí náà, ẹnu wọn kò ju ẹnu lọ. Ibi tí agbára wọn wà ni ilé tiwọn: báńkì wọn, ilé ẹjọ́ wọn, físà wọn. Ẹ má fojú kékeré wo físà o. Òfin Amẹ́ríkà gbà wọ́n láyè láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó hu ìwà ìbàjẹ́ ńlá, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ti rí olóṣèlú tí ìwé ìròyìn bú fún oṣù mẹ́ta tí kò gbọnra, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ ò rí físà gbà padà sílé ìwé.

Ní ti báńkì àti ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ James Ibori ni mo máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, torí gbogbo ohun tí ẹ béèrè ló wà nínú rẹ̀. Gómìnà Delta ni láti 1999 sí 2007. Bó ṣe gbéjọba sílẹ̀ ni EFCC, tí Nuhu Ribadu ń darí nígbà náà, mú un ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Ribadu lọ kàwé ní Kuru, l'ẹ́bàá Jos. (Ẹni tó bá mọ bí ìjọba ṣe ń ṣe, ó mọ irú ìwé tí wọ́n ní kó lọ kà.) Ní oṣù Kejìlá 2009, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Asaba da ẹ̀sùn 170 nù. Gbogbo rẹ̀ pátá, ẹyọ kan ò ṣẹ́kù. Ká ní ilé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà, ọkùnrin náà ti mọ́ bí aṣọ àlà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó ti rìn. Ó ti di ilé ní Hampstead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí owó oṣù gómìnà kankan ní Nàìjíríà kò lè débẹ̀. Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ti ń tọ ipasẹ̀ owó náà láti ọdún mélòó kan ṣáájú. Wọ́n mú un ní Dubai ní oṣù Karùn-ún 2010, wọ́n gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹrin 2011, ó sì fẹnu ara rẹ̀ gbà ní ilé ẹjọ́ Southwark ní oṣù Kejì 2012 pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́wàá. Ẹ̀wọ̀n ọdún 13 ni wọ́n dá fún un. Ọkùnrin kan náà, owó kan náà: ní Asaba, òdo nínú 170, ní Southwark, mẹ́wàá.

Bí ẹ bá ka èyí fún Alága, á gbọn agbádá rẹ̀, á ní "ṣé ẹ rí i, òyìnbó ló mú un!" Ẹ ní kó fara balẹ̀. Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù lè rí i pé owó wọ báńkì níbẹ̀, wọ́n lè rí i pé wọ́n fi ra ilé. Ta ló máa sọ fún wọn bí owó náà ṣe jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ ní Asaba, ta ló fọwọ́ sí fáúṣà, iléeṣẹ́ ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún? Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn òṣìṣẹ́ EFCC tó ti jókòó ti ìwé báńkì àti ìwé ìjọba ṣáájú 2007 ni wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ẹjọ́ náà nù ní Asaba, fáìlì tí wọ́n ti kọ kò kú, ó ti sọdá òkun. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ di mú nínú gbogbo àlàyé mi: aṣojú tàbí ọlọ́pàá ilẹ̀ òkèèrè kò lè ka fáìlì tí ẹnì kankan kò kọ nílé.

Ó rí bẹ́ẹ̀ ní Kẹ́ńyà náà. Ní oṣù Keje 2004, Edward Clay, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Nairobi, bọ́ sójú agbo ó ní àwọn alájẹkì nínú ìjọba ti jẹun débi pé wọ́n ń bì sí bàtà àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí aṣojú tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí tí mo mọ̀. Ìjọba Kẹ́ńyà fárí gá. Ariwo ta, ariwo rọlẹ̀. Ohun tó wá lé mínísítà kúrò nípò ní 2006 ni ìwé tí John Githongo, ọmọ Kẹ́ńyà tí ààrẹ fi ṣọ́ ìwà ìbàjẹ́, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lórí àdéhùn Anglo Leasing, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún iléeṣẹ́ tí kò sí. Githongo ti sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2005. Ìlú Clay gbà á sílé, ìyẹn náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ Githongo ló kọ ìwé náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Ìyálọ́jà. Yorùbá ní ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Sani Abacha kú ní oṣù Kẹfà 1998. Owó tó kó jáde kò bá a kú. Ta ló gbà á sílẹ̀? Báńkì Switzerland, ti Jersey (erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá Gẹ̀ẹ́sì), ti Luxembourg, ti Lọ́ńdọ̀nù. Báńkì tó máa ń ní kí ẹ̀yin mú ìwé iná mànàmáná wá kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún yín, irú wọn ló gba owó ọmọ ológun láìbéèrè ibi tó ti rí i. Switzerland dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 700 dọ́là padà títí di 2006, àwọn aráàlú sì ń béèrè ibi tó gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so okùn mọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Nínú àdéhùn oṣù Kejìlá 2017, mílíọ̀nù 322.5 dọ́là padà, pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n sì ní kí wọ́n pín in fún, ₦5,000 lóṣù fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ní 2020, ti Jersey tẹ̀ lé e, ó lé ní mílíọ̀nù 300 dọ́là, pẹ̀lú àdéhùn tí Nàìjíríà, Jersey àti Amẹ́ríkà jọ fọwọ́ sí. Títì mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé pé kí wọ́n ná an lé: afárá kejì lórí odò Niger, ọ̀nà Abuja sí Kano, àti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dá mílíọ̀nù 4.2 pọ́ùn tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ Ibori padà ní 2021, orí títì mẹ́ta yìí náà ni wọ́n ní kó lọ. Àwọn ará Delta ní àwọn ló ni owó, kí ló kan Ìbàdàn? Èmi ò lè bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, owó olè wà lábẹ́ táyà yín. (Kí wọ́n rántí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n bá rí owó olè mìíràn. Ìyẹn jẹ́ àdúrà tèmi.)

Àwọn aṣojú ló jókòó ṣe àwọn àdéhùn wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń yìn wọ́n. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni: ìwé, ìpàdé, ìwé mìíràn, ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá.

Àmọ́ ohun tó le jù tí òkèèrè ṣe sí wa kò ti ẹnu aṣojú kankan jáde. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní FATF, Paris ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, òun ló ń sọ fún àwọn báńkì ayé orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ ń rùn. Ní oṣù Kẹfà 2001 wọ́n kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé dúdú. Oníṣòwò tó bá fẹ́ sanwó ọjà sí òkèèrè, wọ́n á dá owó rẹ̀ dúró, wọ́n á máa wádìí. Ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣòfin EFCC, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, orúkọ wa sì kúrò nínú ìwé náà ní 2006. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níbi ìpàdé yín pé òyìnbó ló dá EFCC sílẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an: àwọn ló fún wa lọ́rùn, àwa la dá a sílẹ̀.

Èyí tó kan kánsù yín gan-an ni ti 2017. Ẹgbẹ́ àwọn àjọ tó ń ṣọ́ ìrìn owó lágbàáyé, Egmont Group, dá Nàìjíríà dúró ní oṣù Keje ọdún yẹn, torí abẹ́ EFCC ni àjọ tiwa, NFIU, wà, kò dá dúró. Ọdún kan lẹ́yìn náà, òfin tuntun jáde, NFIU gba òmìnira. Ní 2019, NFIU tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira yìí ní owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọdọ̀ lọ tààrà sí àkáǹtì ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà, kí kánsù má sì gba owó tó ju ₦500,000 lọ jáde lọ́wọ́ ní báńkì lójúmọ́. Àwọn gómìnà bá a fa wàhálà, kò sì yanjú bí a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òkò tí wọ́n jù ní òkèèrè ṣe fò wá bà sí sẹkitéríàtì kánsù ní Ọ̀yọ́.

Mo ní Ìyálọ́jà ló jàre jù, mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ tán. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2006, SFO, àjọ tó ń wádìí jìbìtì ńlá ní Gẹ̀ẹ́sì, ń wádìí owó ẹ̀yìn tí wọ́n ní BAE, iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ohun ìjà, fi ta ọkọ̀ òfurufú ogun fún Sáúdí Arébíà. Ta ló lọ bá ọ̀gá àjọ náà pé bí ìwádìí yìí bá tẹ̀ síwájú, Sáúdí á dẹ́kun àtimáa ta wọ́n lólobó nípa àwọn apániláyà, ẹ̀mí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì á sì wà nínú ewu? Aṣojú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, èyí tó wà ní Riyadh. Ìwádìí dúró. Orílẹ̀-èdè kan náà tí ọlọ́pàá rẹ̀ mú Ibori! Amẹ́ríkà náà ní ẹ̀ka kan láti 2010 tó ń wá owó tí àwọn olórí kó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀ka yẹn ló gba púpọ̀ nínú owó Abacha. Ní oṣù Kejì 2025, wọ́n tú u ká. Kò sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ wa. Irinṣẹ́ alábàágbé ni. Nígbà tó bá wu olóhun, á wá mú un.

Ó yá, ìwé yín. Èmi náà ti gbé irú rẹ̀ lọ rí, sí ẹ́ḿbásì kan tí n kò ní í dárúkọ. Ọlọ́dẹ gbà á lójú fèrèsé kékeré kan, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ máa lọ, Dádì, wọ́n á pè yín." Ọdún kọkànlá rèé, fóònù mi ò kú rí.

Wọn ò burú o. Ọ̀rọ̀ kànga àdúgbò kan kò sí lára ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn láìrú òfin 1961 yẹn, àyàfi bó bá jẹ́ owó wọn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ká ní àmì EU tàbí ti Báńkì Àgbáyé wà lára pátákó náà, èmi fúnra mi á ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí, wọ́n á sì dáhùn, torí kò sí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù tí kì í wá a.

Ìdí tí mo fi wo fọ́tò kejì dáadáa nìyẹn. Ọ̀dà ti bó lára pátákó yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Kò sí àmì òkèèrè kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ní ìlà kejì ni ọ̀rọ̀ "constituency", lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó gbé iṣẹ́ náà síta. Iṣẹ́ ẹkùn ìdìbò ni, owó ìjọba àpapọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kánsù tí ẹ ti ń bú láti ọdún méjì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ó tún túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà wà nínú ìwé ìṣúná tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú iye owó rẹ̀.

Nítorí náà, ìwé méjì ni kẹ́ ẹ kọ. Ìkíní lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà síta, lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011: ẹ béèrè orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n ti san, àti ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìkejì lọ sí ọ́fíìsì ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ní Ìbàdàn. Láti 2019 ni ICPC ti ń tọpa irú iṣẹ́ yìí gan-an, wọ́n sì ti lé agbaṣẹ́ṣe púpọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ti gbowó rẹ̀ jẹ. Ẹ má kọ "àwọn olè" sínú rẹ̀, ẹ má kọ orúkọ aṣòfin kankan tí ẹ ò ní ẹ̀rí lé lórí. Òpó irin mẹ́rin, kò sí táǹkì, kò sí ẹ̀rọ, ọjọ́ tí ẹ ya fọ́tò. Ó tó.

Kí Alága kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí Ìyálọ́jà tẹ̀ lé e. Ohun kan ló kù. Nọ́ńbà iṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátákó náà, ṣùgbọ́n 4 àti 7 tó kẹ́yìn nìkan ni mo lè kà, ìtàkùn ti bo ìyókù. Ẹ bá mi ká a kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ tún fọ́tò náà yà.